Bí Ẹ̀dọ̀fóóró Bá Ń Ṣàìsàn, Ọkàn Ni Í Bá A Ru Ẹrù

  



Bí a bá gbé ohun ìrànlọ́wọ́ lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú wa ní Igbógila àti àwọn abúlé tí ó yí wa ká, ojú àwọn ọmọ ni a sábà máa ń wò. A ó béèrè bóyá wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé, bóyá wọ́n ń lọ sí ilé-kéwú, bóyá wọ́n ń jẹun yó. Ẹni tí ó ń tọ́ wọn, a ó kí i, a ó ṣe àdúrà fún un, a ó sì máa lọ.

Ìyá àgbà kan tí ó ń tọ́ ọmọ òrukàn mẹ́ta ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìtọ́jú wa kò tíì pé. Iṣẹ́ gààrí yíyan ni ìyá náà ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo wa ni a sì mọ̀ ọ́n mọ́ ikọ́ náà. Nígbà tí ó yá, kò lè pọn omi délé kí ó má dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ a jìn, kò sì ní tètè dìde. Àwọn kan ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní àgbà ló dé. Ó mu àgbo, ó sì lo oògùn tí ó rà ní kẹ́mísìtì. Ìgbà tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, tí ó ń jókòó sun òru mọ́júmọ́, ni a tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà sọ fún wa pé ẹ̀dọ̀fóóró ìyá náà ti ń ṣàìsàn tipẹ́, àti pé ọkàn rẹ̀ ni ó ti ń ru ẹrù àìsàn náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ìyá náà fi ohùn jẹ́ẹ́ béèrè lọ́wọ́ wa pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé màá rí wòlímọ̀ àbíkẹ́yìn wọn yìí?” Ọmọ ọdún 8 ni ọmọ náà.

A kò rí èsì fún ìyá lójú ẹsẹ̀. Nítorí ìbéèrè rẹ̀ ni a ṣe kọ àlàyé yìí. Bí ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ òrukàn bá kú ikú tí a lè fi ìtọ́jú sún síwájú, ọmọ náà di òrukàn lẹ́ẹ̀kejì.

BÁWO NI ÀÌSÀN Ẹ̀DỌ̀FÓÓRÓ ṢE Ń DI TI ỌKÀN?

Ọlọ́hun dá ọkàn ní apá méjì. Apá òsì ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, láti orí títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Apá ọ̀tún ni ó ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó ti rìn káàkiri ara padà, tí ó sì ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóóró kí ó lè gba afẹ́fẹ́ tuntun. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóóró kò jìn sí ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì rọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ apá ọ̀tún kò le tó ti apá òsì, ẹran rẹ̀ kò sì nípọn tó o.

Nínú ẹ̀dọ̀fóóró, ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ a fún ara rẹ̀ pọ̀. Ọgbọ́n Ẹlẹ́dàá ni èyí, kí ẹ̀jẹ̀ lè yà sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀fóóró bá bàjẹ́ káàkiri, iṣan ẹ̀jẹ̀ a fún pọ̀ níbi gbogbo, òmíràn nínú wọn a sì parun pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́, apá ọ̀tún ọkàn yóò sì máa fi agbára tì í.

Ẹ wo ẹ̀rọ tí ó ń fa omi bóhòòlù lọ sínú táǹkì. Bí páìpù bá mọ́, ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ láìsí ariwo. Bí páìpù bá dí, ẹ̀rọ a máa han, a gbóná, bí a kò bá sì tètè wò ó, a jó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ṣe rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹran apá ọ̀tún rẹ̀ a nípọn sí i, nítorí iṣẹ́ tí ó pọ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá pin, a fẹ̀, a sì dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó kọjá yóò wá máa kó jọ sẹ́yìn. Iṣan ọrùn a yọ síta, ẹ̀dọ̀ a wú, ikùn a kún, omi a sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Àwọn dókítà ń pe ipò yìí ní cor pulmonale, èyí tí ó túmọ̀ sí ọkàn tí ẹ̀dọ̀fóóró kó àìsàn bá.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ wíwú ni ó ti ẹ̀dọ̀fóóró wá o. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn 452 tí ọkàn wọn dẹ̀, tí wọ́n gbà sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, ní ọdún 2009 àti 2010. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á fún nǹkan bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóóró fà á fún jẹ́ bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ó yẹ kíndìnrín wò, kí ó sì yẹ ẹ̀dọ̀fóóró wò. Dókítà nìkan ni ó lè mọ èyí tí ó jẹ́.

KÍ NI Ó Ń BA Ẹ̀DỌ̀FÓÓRÓ JẸ́?

Bí a bá gbọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóóró, sìgá ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ bá. Òótọ́ ni pé sìgá burú. Ṣùgbọ́n ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fi ẹnu kan sìgá rí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olówó, sìgá ni ó wà nídìí èyí tí ó ju 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóóró tí wọ́n ń pè ní COPD, èyí tí ó máa ń dí ọ̀nà èémí. Ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀, sìgá kò ju 30 sí 40 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Èéfín inú ilé wà lára ohun tí ó ń fa ìyókù. Àjọ yìí kan náà ṣírò pé àìsàn COPD pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2021.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn dókítà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọn èémí àwọn ènìyàn tí ó ti tó ọmọ ogójì ọdún sókè. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, nǹkan bíi 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀nà èémí wọn ti dí.

Ní agbègbè wa, ẹ jẹ́ kí a ronú sí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni igi ìdáná àti èédú nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Èkejì ni ahéré gààrí, níbi tí ìyá máa ń jókòó ti agbada láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí èéfín sì ń kọ lù ú lójú àti nímú. Ẹkẹta ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ikọ́ fée, tí àwọn onímọ̀ ìlera ń pè ní TB. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó gba ìtọ́jú TB lè sàn, kí àpá rẹ̀ sì kù nínú ẹ̀dọ̀fóóró. Ẹkẹrin ni àsímà tí a kò tọ́jú dáadáa.

Èéfín kì í dúró sí ẹ̀dọ̀fóóró nìkan. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí pín aboyún 324 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tí ó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù sì ń lo igi tàbí kẹrosíìnì tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nínú àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2017, bíi 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo sítóòfù tuntun ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n nínú àwọn yòókù, ó ju 6 lọ. Èéfín tí ó ń wọ inú ìyá ń dé ọkàn rẹ̀ lóòótọ́.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A GBỌ́DỌ̀ MÁA WÒ

Àìsàn yìí kì í dé lójijì. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń mọ́ ọn lára. Ẹ fi ojú sí àwọn nǹkan wọ̀nyí lára àgbà tí ó wà nílé yín:

1. Ikọ́ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí kò lọ fún oṣù mélòó kan. Bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ yẹ TB wò. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀.

2. Mímí gúlegúle lórí iṣẹ́ tí kò mú un mí bẹ́ẹ̀ ní èṣí. Ẹni tí ó ń rìn lọ sí mọ́sáláṣí tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń dúró sinmi lọ́nà. Ẹni tí kò lè ka Fátíhà dé ìdajì kí èémí rẹ̀ tó já.

3. Ẹsẹ̀ wíwú, ikùn kíkún, iṣan ọrùn tí ó yọ síta, tàbí ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún.

4. Ètè tàbí ìsàlẹ̀ ahọ́n tí ó ṣú bí aró. Lára wa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú, inú ẹnu ni ó dára kí a ti wò ó.

5. Orí fífọ́ ní òwúrọ̀, oorun àsùnjù lọ́sàn-án, tàbí kí ọ̀rọ̀ máa dàrú mọ́ ènìyàn lẹ́nu.

6. Rírù. Ẹni tí ẹran ara rẹ̀ ń gbẹ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, kí ẹ má ṣe rò pé ó sanra.

Ẹni tí kò bá lè parí gbólóhùn kan ṣoṣo nítorí èémí, tí ètè rẹ̀ ṣú, tàbí tí kò dá ènìyàn mọ̀ dáadáa mọ́, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ ní wàrà-wàrà. Kí ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

ỌDÚN MÉLÒÓ NI Ó KÙ?

A padà sórí ìbéèrè ìyá. Ìmọ̀ ọjọ́ ikú, ti Ọlọ́hun nìkan ni. Kò sí dókítà tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí dókítà lè mọ̀ ni bóyá ọ̀nà tí aláìsàn ń rìn lọ sí ibi tí ó léwu, tàbí ó ń yà kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 2004, Dókítà Bartolome Celli àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé nǹkan mẹ́rin, bí a bá kó wọn pọ̀, ni ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí: bí ènìyàn ṣe rù tó, bí ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣe dí tó, bí ó ṣe ń mí gúlegúle tó, àti bí ibi tí ó lè rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣe jìn tó.

Ẹ wò ó dáadáa. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí, ojú lásán lè rí wọn. Oúnjẹ àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sì lè ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí wọn.

Òótọ́ ni pé bí ọkàn bá ti dẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wúwo. Àkọsílẹ̀ kan tí ó jáde ní ọdún 2016 tọpa àwọn 220 tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóóró wọn ti ga ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Mòsáńbíìkì àti South Africa. Oríṣiríṣi nǹkan ni ó fà á fún wọn, àìsàn ọkàn ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti kú. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí a má dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1981 lórí àwọn 87 tí ẹ̀dọ̀fóóró wọn ti bàjẹ́, tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀, tí ọkàn wọn sì ti dẹ̀ rí. Wọ́n fún 42 nínú wọn ní ọ́síjìn nílé, wákàtí 15 ó kéré tán lójúmọ́. Wọn kò fún àwọn 45 yòókù. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 30 nínú àwọn 45 ni ó ti kú, ṣùgbọ́n 19 ni ó kú nínú àwọn 42. Ìyẹn ni pé, nínú àwọn tí ó gba ọ́síjìn, àwọn tí ó wà láàyè ju àwọn tí ó kú lọ. Ìyá tí ó bá rí ọdún márùn-ún sí i yóò bá ọmọ ọdún 8 dé ọmọ ọdún 13.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sáré lọ ra ẹ̀rọ ọ́síjìn. Ní ọdún 2016, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn 738 tí afẹ́fẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ díẹ̀ péré, ọ́síjìn kò sì fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ gan-an ni ó wúlò fún, àyẹ̀wò ni a ó sì fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka, tí ó ń sọ iye náà. Bí ó bá ń fi 92 tàbí èyí tí ó kéré sí i hàn nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i. Bí ó bá wà ní 88 tàbí ó kéré sí i, ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ti dé nìyẹn. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ yìí lè fi iye tí ó ga ju òótọ́ lọ hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà, bí àmì bá wà lára ènìyàn, kí ẹ má ṣe gbára lé ẹ̀rọ nìkan. Bákan náà, ọ́síjìn àti iná kò gbọdọ̀ pàdé. Ilé tí a bá ti ń lò ó, kò gbọdọ̀ sí sìgá, àbẹ́là tàbí ìdáná nítòsí.

OHUN TÍ Ó LÈ FI ỌJỌ́ KÚN ỌJỌ́

Ohun àkọ́kọ́ ni kí èéfín dúró. Kò sí oògùn tí ó lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ nínú ahéré tí ó kún fún èéfín. Ẹni tí ó lágbára rẹ̀, kí ó lo gáàsì. Ẹni tí kò lè fi igi sílẹ̀, kí ó dáná sí ìta gbangba, kí ó lo igi tí ó gbẹ, kí ó kọ́ ààrò tí ó ní ihò tí èéfín ń bá jáde sókè, kí ó sì jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ èéfín kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ jókòó ti agbada mọ́ rárá. Kí a má sì fi ọmọ òrukàn rọ́pò rẹ̀ nídìí èéfín náà, ẹ̀dọ̀fóóró ọmọdé kò tíì gbó.

Èkejì ni oògùn. Ìnhélà tí à ń fà sínú láti ẹnu ń la ọ̀nà èémí. Kò ń sọ ènìyàn di ẹrú oògùn gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Oògùn tí ń mú omi jáde nínú ara wà fún ẹsẹ̀ wíwú, ṣùgbọ́n dókítà ni ó gbọ́dọ̀ díwọ̀n rẹ̀, nítorí àlòjù rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Oògùn tí a ń pò pọ̀ nínú ọ̀rá ní kẹ́mísìtì, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé lò ó.

Ẹkẹta ni oúnjẹ. Kí iyọ̀ àti kúùbù dínkù nínú ọbẹ̀. Kí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja wà níbẹ̀ kí ẹran ara má baà gbẹ. Ẹkẹrin ni ìrìn. Aláìsàn tí ó jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́ yóò túbọ̀ rẹ̀ sí i. Kí ó máa rìn díẹ̀, kí ó sinmi, kí ó tún rìn.

Ní ti ìjọsìn, ẹ̀sìn wa rọrùn. Ẹni tí kò lè dúró lè jókòó kírun, ẹni tí kò lè forí kanlẹ̀ lè fi orí tọ́ka sí i. Aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó lè gba ààwẹ̀, tí kò sì sí ìrètí pé yóò lè san án padà, yóò máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ó má fi ààwẹ̀ pa ara rẹ̀. Wíwá ìwòsàn pẹ̀lú wà lára ohun tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa.

IBI TÍ SÀKÁ WA TI WỌ̀ Ọ́

Ọlọ́hun ti ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súrà Taobah, ẹsẹ 60. Àwọn aláìní àti àwọn tálákà ni ó ṣáájú níbẹ̀. Ìyá opó tí kò ní owó oògùn, tí ó sì ń fi èéfín gààrí bọ́ ọmọ òrukàn mẹ́ta, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò yọ náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ tí àgbàdo rẹ̀ bá tó nǹkan bíi 650 kílò, tí ó jẹ́ pé òjò ni ó bomi rin ín, yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ọjọ́ ìkórè.

Ní tiwa, a ti pinnu nǹkan mẹ́rin. Ní gbogbo ilé tí a bá wọ̀, a ó máa béèrè ìlera alágbàtọ́ kí a tó béèrè ìwé ọmọ. A ó máa gbé ẹ̀rọ tí ń há ọmọ ìka lọ́wọ́. Ẹni tí a bá rí àmì lára rẹ̀, a ó san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó, Ayétòrò tàbí Abẹ́òkúta, a ó sì bá a ra oògùn rẹ̀. Ẹkẹrin ni èyí tí ó le jù lọ láti sọ jáde lẹ́nu: ilé ọmọ òrukàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní alágbàtọ́ kejì tí gbogbo wa mọ̀, tí àwọn ọmọ náà sì mọ̀, kí ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀ má baà bá wọn ní òfo.

Ìyá àgbà wa kò yan gààrí mọ́. Ó ń ta iyọ̀ àti ata gígún níwájú ilé, a sì ń fi díẹ̀ ti òwò náà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fà. Ó ń jókòó kírun, ó sì ń lo ìnhélà rẹ̀ lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ọmọ náà ti dé Súrà Yásín. Ohun tí a fi dá ìyá lóhùn nìyí: a kò mọ iye ọdún, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí a lè ṣe lónìí, a ó sì ṣe é.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó dá àwọn alágbàtọ́ sí fún àwọn ọmọ, kí Ó sì gba sàká àti sàráà lọ́wọ́ gbogbo wa. Àmín.